Jẹ́-n-rí-i Lẹ́yìn Ilẹ̀kùn Òṣìṣẹ́

Jẹ́-n-rí-i ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi fa orúkọ náà. Ogójì ọdún ló fi ránṣọ. Bí ẹnikẹ́ni bá wọ aṣọ tuntun tí aránṣọ mìíràn rán kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, yóò ní, "Wá ná, jẹ́ n rí i," kí olúwarẹ̀ sì tó ṣẹ́jú, ó ti ká etí aṣọ náà sókè, ó ń wo inú rẹ̀. Ó ní ojú aṣọ kì í sọ òótọ́, inú aṣọ ló ń sọ bóyá ẹni tó rán an fara balẹ̀ tàbí ó kàn ń lé iṣẹ́ kúrò nílẹ̀. Tó bá di ọ̀rọ̀ aṣọ, ẹ ò lè jà á níyàn. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo nǹkan tó wà láyé ni aṣọ, ibẹ̀ ni màmá wa ti ṣì í.

Nígbà tó pé àádọ́rin ọdún, ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, mú un wọ ọkọ̀ ojú omi, irú àwọn ràgàjì ọkọ̀ tí wọ́n fi ń ṣe fàájì, tó ní ilé oúnjẹ mẹ́ta nínú àti odò ìwẹ̀ lórí. Ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n máa lò. Ọdún méjì gbáko ni nọ́ọ̀sì yìí fi ń gba iṣẹ́ ọjọ́ ìsinmi àwọn ẹlòmíràn ṣe nítorí ìrìn àjò náà, tí kò sì sọ fún ẹnì kan.

"Màámi, ẹ ẹ̀ ní ṣe nǹkan kan o," ló wí. "Ẹ máa jẹun, ẹ máa sùn, ẹ máa wo omi."

Màmá wo omi fún ọjọ́ kan. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, omi ti sú u, nítorí omi kò ní etí tí èèyàn lè ká sókè.

Ohun tó gbà á lọ́kàn ni ilẹ̀kùn kan tó wà ní ìkángun ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn. Funfun báláú ni, wọn kò ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ kankan, wọ́n sì kọ ọ́ sí i lára gàdàgbà pé ÒṢÌṢẸ́ NÌKAN. Òṣìṣẹ́ á fi káàdì kan ara ògiri, ilẹ̀kùn á ṣí, á wọlé, ilẹ̀kùn á sì padà dé. Ní ìwọ̀nba àkókò tí ó fi wà ní ṣíṣí yẹn, Jẹ́-n-rí-i á na ọrùn. Kápẹ́ẹ̀tì pupa ló wà lóde níbi tó dúró sí, irin lásán ló wà nílẹ̀ nínú lọ́hùn-ún. Ó rí páìpù, ó rí àwọn èèyàn tí wọ́n ń sáré. Ọ̀fíntótó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ín lára.

Ẹni tó ń tún yàrá wọn ṣe ni wọ́n ń pè ní Bàbá Ìbejì, ọkùnrin kan tó ti lé díẹ̀ ní ogójì ọdún, tí ibùsùn tó bá tẹ́ kì í hunjọ. Wọ́n ti kọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ ọkọ̀ náà pé "Mà" ni kí wọ́n máa pe gbogbo obìnrin, kí wọ́n sì máa rẹ́rìn-ín, bí inú wọn dùn o, bí kò dùn o. "Ẹ káàárọ̀, Mà" ló kí i lọ́jọ́ kìíní. Lọ́jọ́ kejì ó bá Màmá níbi tó ti ń fi abẹ́rẹ́ tún etí aṣọ ojú fèrèsé ọkọ̀ rán, nítorí ó rí i pé ó ti tú.

"Háà! Mọ́mì, ẹ fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ wa ni?"

Ọ̀rọ̀ náà ti jáde kó tó mọ̀. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ó ní, "Ẹ má bínú, Mà."

"Kí ni mò ń bínú sí? Mọ́mì yẹn náà ni kó o máa pè mí. Ta ni ń jẹ́ Mà?"

Bó ṣe di ọmọ, tí òun náà di ìyá, nìyẹn. Ó fi fọ́tò àwọn ìbejì rẹ̀ hàn án lórí fóònù, ọmọbìnrin méjì, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ó ti pé oṣù mọ́kànlá tó ti rí wọn gbẹ̀yìn.

"Ó ku ọjọ́ mẹ́rìndínlógún, Mọ́mì. Mo ń fi bírò fa igi lé e lórí kàlẹ́ńdà. Tí n bá parí ẹ̀ láìsí àléébù lórúkọ mi, wọ́n á fi mí ṣe ọ̀gá àwọn tó ń tún yàrá ṣe. Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́dún lọ̀gá máa ń lọ sílé. Èmi, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni."

"Jẹ́ n rí wọn dáadáa." Màmá gba fóònù náà, ó sún un mọ́jú, ó sì fojú wọn àwọn ọmọ náà láti èjìká dé orúnkún, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe. Àpò ìránṣọ rẹ̀ kì í jìnnà sí i, aṣọ aláwọ̀ òféfèé kan sì wà nínú rẹ̀. "Màá rán méjì fún wọn. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ yìí, á ti parí."

"Òfin ò gbà wá láyè láti gba nǹkan lọ́wọ́ èrò o." Ó wò yíká, ó sì rẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n tìyá ẹni kì í ṣe tèrò."

Nígbà tó máa fi di ọjọ́ kẹrin, Màmá ti gé aṣọ méjèèjì. Ó fẹ́ kí wọ́n ní kọ́là roboto, èyí tí aṣọ kọ̀ọ̀kan máa ń ní lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ó gé aṣọ líle funfun tí àwọn aránṣọ máa ń fi sínú kọ́là kó lè dúró, ẹyọ mẹ́rin, tí wọ́n tẹ̀ bí oṣù tuntun. Bàbá Ìbejì mú ọ̀kan, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́.

"Ṣé ọrùn wọn kéré tó báyìí, Mọ́mì?"

"Wọ́n ti dàgbà nìyẹn. Ó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ nígbà tó o kúrò nílé."

Bàbá Ìbejì dá a padà síbi tó ti mú un, ó rọra fọwọ́ tẹ́ ẹ, ó sì lọ fọ ilé ìwẹ̀.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni Màmá dá ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn sílẹ̀. Ó ní kó mú òun wọ inú ibẹ̀, kí òun kàn yọjú wò ó. Bàbá Ìbejì mi orí.

"Ẹ fìyẹn sílẹ̀, Mọ́mì. Ẹni tó bá fi káàdì ṣí i ló ni gbogbo ẹni tó bá gbabẹ̀ wọlé. A gbọ́dọ̀ dúró ká gbọ́ kó dún kọ́ọ́ ká tó fibẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n sọ ẹnì kan kalẹ̀ léèbúté lọ́dún tó kọjá torí ẹ̀, tòun tàpò ẹ̀."

"Èmi arúgbó yìí náà ló máa jí ọkọ̀ gbé?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ì bá dára ká ní ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí.

Àmọ́ obìnrin kan wà tí wọ́n jọ ń jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ kan náà. Ìyàwó Adájọ́ ni wọ́n ń pè é, kì í sì í jẹ́ kéèyàn gbàgbé. Lọ́jọ́ karùn-ún, ó gbé fóònù dé, fọ́tò ló kún inú rẹ̀. Ọ̀gá atukọ̀ fúnra rẹ̀ ló mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń wa ọkọ̀.

"Kì í ṣe gbogbo èèyàn ni wọ́n ń mú débẹ̀ o," ló wí, ó sì yíjú sí Màmá. "Ẹ̀yin náà kúkú ti rí nǹkan ṣe, Ìyá Aránṣọ. Wọ́n ní ẹ ń bá wọn tún kọ́tìnnì rán."

Wọ́n rẹ́rìn-ín yí tábìlì ká. Nọ́ọ̀sì náà fọwọ́ kan ìyá rẹ̀ lábẹ́ tábìlì pé kó jọ̀ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀pa ò bóró mọ́.

"Iwájú ni wọ́n mú yín lọ," ni Jẹ́-n-rí-i fèsì. "Iwájú ni wọ́n ń fi han àlejò. Inú ọkọ̀ yìí lèmi máa rí, màá sì mú fọ́tò ẹ̀ wá síbí lọ́la."

Ẹyin lohùn. Èyí já bọ́ níwájú èèyàn méje, kò sì sí bó ṣe lè ṣà á mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹfà, nọ́ọ̀sì lọ wẹ̀ nínú odò orí ọkọ̀. Bàbá Ìbejì wá kó aṣọ ibùsùn, ó kó o títí ó fi dé àgbọ̀n rẹ̀. Ẹ̀wù funfun Màmá ló gbé lé orí gbogbo rẹ̀, nítorí tíì dà sí i láṣálẹ́ àná, ó sì ti ṣèlérí pé òun á bá a gbé e fún àwọn tó ń fọṣọ, pé yóò ti gbẹ kó tó di ìrọ̀lẹ́. Màmá tẹ̀ lé e dé ìdí ilẹ̀kùn. Ọkùnrin náà fi ìgúnpá gbé káàdì kan ògiri.

"Jẹ́ n bá ọ di ilẹ̀kùn mú, ẹrù pọ̀ lọ́wọ́ ẹ."

Ó di ilẹ̀kùn mú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan nínú aṣọ líle kọ́là náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì, ó sì tì í bọ inú ihò tí irin ilẹ̀kùn ń wọ̀. Ọgbọ́n ṣọ́ọ̀bù ni. Ọdún tí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ń ti àwọn ọmọ iṣẹ́ mọ́ta ló ti mọ̀ ọ́n. Bàbá Ìbejì wọlé, ó yíjú padà, ó dúró kó lè gbọ́ kọ́ọ́ gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí. Bí ilẹ̀kùn ṣe ń padà bọ̀, Màmá gbóhùn sókè:

"Ọlọ́run á bù kún ọ, ọmọ mi! Wàá bá àwọn ọmọ ẹ láyọ̀!"

Ta ni ìyá àgbà ń ṣàdúrà fún tí kò ní ṣàmín? "Àmín, Mọ́mì! Àmín o!" ni ọkùnrin náà dáhùn láti inú, àmín náà ló sì bo kọ́ọ́ tí kò dún mọ́lẹ̀. Ó bá tirẹ̀ lọ.

Mo ti rí àwọn tó fi àdúrà jẹun. Èyí tó fi àdúrà ṣílẹ̀kùn, òun nìkan ni mo mọ̀.

Ó ka oókan dé àádọ́ta, ó ti ilẹ̀kùn, ó ṣí. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà irin kan, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan tó fẹ̀ bí òpópó, tí wọ́n ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù lọ tí wọ́n ń tì í bọ̀. Ó ń ya fọ́tò gbogbo ohun tó rí. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bá pàdé á ta gìrì, wọ́n á rántí ohun tí wọ́n kọ́ wọn, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ẹ káàárọ̀, Mà," wọ́n á sì máa sáré lọ. Ó yọjú sí ilé ìfọṣọ. Ooru ibẹ̀ gbá a lójú. Àwọn obìnrin mẹ́rin tí òógùn ti bò ń lọ aṣọ, wọn ò tilẹ̀ gbórí sókè. Ó rí ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, orúkọ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan àti iye ìgbà tí èrò ti fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ó ya ìyẹn náà.

Lẹ́yìn náà ló dé ibi tí wọ́n ń sùn. Yàrá wọn kò ju àpótí lọ, kọ́tìnnì ni wọ́n sì ta sẹ́nu rẹ̀ kí atẹ́gùn lè máa wọlé. Ṣé ẹ rí i, ẹni tó bá ti ń ká etí aṣọ aláṣọ sókè fún ogójì ọdún, ọwọ́ rẹ̀ kì í béèrè kó tó ṣe é. Ó ká kọ́tìnnì kan sókè, ó sì tẹ fóònù.

Ọkùnrin àgbà kan ló wà níbẹ̀, ẹni tí irun rẹ̀ ti funfun, tó jókòó sí etí ibùsùn pẹ̀lú pátá lásán nídìí, tó ti ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi. Ẹsẹ̀ náà wú. Iná fóònù kọ mọ̀nà sí i lójú. Kò pariwo, kò bú u. Ó ń wá tówẹ̀ẹ̀lì, kò rí i, ó fa ìrọ̀rí bo ara rẹ̀, ó sì gbìyànjú láti dìde dúró nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì.

"Ẹ má bínú, Mà," ló wí. "Ẹ má bínú o, n ò mọ̀ pé èrò ń bọ̀."

Inú yàrá tirẹ̀ ló ti ń tọrọ àforíjì. Ojú ti Jẹ́-n-rí-i débi pé etí rẹ̀ méjèèjì gbóná. Ó ju kọ́tìnnì sílẹ̀, ó fẹ̀yìn rìn, ẹ̀yìn rẹ̀ sì gbá ẹnì kan. Ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ ni.

Obìnrin ni ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ yìí, kò lè ju nọ́ọ̀sì lọ lọ́jọ́ orí, ohùn rẹ̀ sì tutù. Ó fún Màmá ní àga nínú ọ́fíìsì kékeré kan, ó ní kó mu omi.

"Mà, báwo lẹ ṣe wọlé? Tí èrò bá fọwọ́ ara ẹ̀ ṣílẹ̀kùn yẹn, èbúté tó kàn la ti máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó wà nínú ìwé tí ẹ fọwọ́ sí. Tẹ́ ẹ bá wá bá a ní ṣíṣí, a kàn máa kìlọ̀ fún yín ni."

Màmá ronú kan ọdún méjì tí ọmọ rẹ̀ fi ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ ìsinmi. Ó ronú kan Ìyàwó Adájọ́ tí yóò dúró lókè máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń gbé àpótí wọn sọ̀ kalẹ̀. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ohun tó ti ń wí látijọ́ nìyẹn.

"Mo bá a ní ṣíṣí ni," ló wí.

Ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ wo kọ̀ǹpútà rẹ̀. Káàdì Bàbá Ìbejì ló ṣí i gbẹ̀yìn. Wọ́n ránṣẹ́ pè é. Ó wọlé, ó rí Màmá lórí àga, ẹ̀rín tó fẹ́ rín sì kú sí i lẹ́nu.

"Ṣé o dúró kó o gbọ́ kó tì?"

Bàbá Ìbejì yíjú padà. Ó wo Màmá. Màmá ń wo bàtà ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré ni kó sọ, gbólóhùn kan ṣoṣo, òun tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi. Ó tẹjú mọ́ bàtà náà bí ẹni pé wọ́n kọ nǹkan sí i.

"Ọwọ́ mi kún, Mà," ni ọkùnrin náà sọ fún ọ̀gá rẹ̀. "Ó ní láti jẹ́ pé n ò dúró."

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i. Wọ́n ní kó lọ palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, pé yóò sọ̀ kalẹ̀ ní èbúté lọ́la. Àwọn àgbà ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èyí wà lọ́jà, orí ọmọ wọ́ níṣojú rẹ̀, ó sì ń wo bàtà.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì gbọ́, ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́, "Màámi, ṣé lóòótọ́ lẹ bá ilẹ̀kùn yẹn ní ṣíṣí?"

"Ṣé òpùrọ́ lo ń pè mí?"

Nídìí tábìlì ọ̀sán, Ìyàwó Adájọ́ béèrè fọ́tò. Màmá ní fóònù òun ti kú. Ó ti pa gbogbo wọn rẹ́, ti bàbá oníbọ́kẹ́ẹ̀tì ló kọ́kọ́ pa, síbẹ̀ bó bá dijú, ìyẹn ló ń rí.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, òṣìṣẹ́ mìíràn kan ilẹ̀kùn. Ẹ̀wù funfun ló gbé wá, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti lọ̀ ọ́, tíì ti jáde pátápátá. "Bàbá Ìbejì ní kí n gbé e fún yín, Mà." Nígbà tí Màmá tú u, nǹkan kan já bọ́ láti àárín rẹ̀. Aṣọ líle kọ́là ni, ẹyọ kẹrin, tó tẹ̀ bí oṣù tuntun, ojú irin ilẹ̀kùn sì ti jẹ ẹ́ wọlé láàárín. Kò sí ìwé kankan pẹ̀lú rẹ̀.

Ìgbà náà ló yé e. Ọkùnrin yìí ti yọ ọ́ nínú ihò kí wọ́n tó ránṣẹ́ pè é. Ó ti mọ̀. Nígbà tó dúró ní ọ́fíìsì tó ń wo Màmá, inú àpò rẹ̀ ni nǹkan náà wà. Ì bá kàn fà á yọ kó gbé e sórí tábìlì. Ó ń dúró kí ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni.

Ojú ti Màmá, kò sì sí ẹnì kan níbẹ̀ tó ń wò ó. Ó mọ̀ nígbà náà pé ìtìjú ti tábìlì oúnjẹ tó ń sá fún kò tó nǹkan. Ó pe ọmọ rẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí àdúrà dé orí àmín. Nọ́ọ̀sì kò bá a wí, kò sì sunkún. Ó fa àpótí wọn jáde lábẹ́ ibùsùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ sínú rẹ̀. Ká ní ó bú òun, ì bá san fún Màmá.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Màmá gbé e lọ sí ọ́fíìsì ẹ̀ṣọ́. Ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ yí ẹyọ kọ́là náà síwá sẹ́yìn lábẹ́ iná.

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ èyí láàárọ̀, Mà?"

"Ojú ló ń tì mí."

"Ó dáa. Ẹ̀yin lẹ máa sọ̀ kalẹ̀ lọ́la. Òun á dúró."

"Ipò ọ̀gá tí wọ́n fẹ́ fún un ńkọ́?"

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. "Ó purọ́ fún ẹ̀ṣọ́, ó sì fọwọ́ sí irọ́ náà. A ò lè fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣọ̀gá."

"Nítorí mi ló ṣe purọ́!"

"Mo mọ̀, Mà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹ̀ ló fi sí i." Ó na ẹyọ kọ́là náà padà sí Màmá.

Kọ́là nìkan ló kù lára àwọn aṣọ ìbejì náà. Màmá rán wọn parí láàárọ̀ ọjọ́ keje, bí ọkọ̀ ṣe ń sún mọ́ èbúté. Kò ní aṣọ líle mìíràn, nítorí náà èyí tí irin ti jẹ náà ló fi sí i, kọ́là ọ̀hún kò sì dúró bíi ti mẹ́ta yòókù. Ó ká wọn, ó dì wọ́n sínú ìwé.

Ní ẹnu àtẹ̀gùn tí wọ́n ń gbà sọ̀ kalẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ tò sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú aṣọ funfun, wọ́n ń dágbére fún àwọn èrò. Bàbá Ìbejì ni ẹnì kẹta. Nọ́ọ̀sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ohùn kékeré, ó sì gbé àpótí kọjá. Ìyàwó Adájọ́ wà lókè lóòótọ́, ó fi ìgúnpá ti irin ọkọ̀, ó ń wò. Màmá kò gbójú sókè wò ó. Ó dúró níwájú ọkùnrin náà, ó na ìdì aṣọ sí i.

"Tàwọn ọmọ ẹ ni. Jọ̀ọ́, gbà á."

Bàbá Ìbejì wo ìdì náà. Nígbà tó gbójú sókè, ẹ̀rín tí wọ́n kọ́ wọn ló wà níbẹ̀.

"Ẹ má bínú, Mà. Òfin ò gbà wá láyè láti gba nǹkan lọ́wọ́ èrò." Ó tẹ orí ba díẹ̀. "Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ bá ọkọ̀ wa rìn."

Àwọn èrò ti ń tò sẹ́yìn Màmá. Ó fẹ́ ṣàdúrà fún un, ó ti lanu, "Ọlọ́run á" ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ó rántí pé ọkùnrin náà yóò ní láti ṣàmín. Ó pa ẹnu dé, ó mú ìdì aṣọ náà mọ́ àyà, ó sì sọ̀ kalẹ̀.